Màmá Dosi Mọ́tọ́lá Ìgè: Obìnrin Tí Kì Í Kọ Ohun Tí Dókítà Kò Kọ

Ní ọdún 1950 ni a bí Màmá wa, Dosi Mọ́tọ́lá, ní ìlú Apá lẹ́bàá Àgbádárìgì, sínú ìdílé Agosu, àwọn apẹja tó ní oko àgbọn létí ọ̀sà. Ẹ̀yìn ìbejì ló dé, ìdí nìyí tí àwọn Ẹ̀gùn, ènìyàn baba rẹ̀, fi sọ ọ́ ní Dosi, bí Yorùbá ṣe ń sọ ọmọ ní Ìdòwú. Ìyá rẹ̀, Olóògbé Tàwàkálítù, jẹ́ ọmọ Àwórì láti agboolé Sàláwù ní Òjó. Ẹ̀gùn ni Màmá fi ń gbàdúrà, Yorùbá ló fi ń bá wa wí, ṣùgbọ́n bí inú bá bí i gan-an, kò ní sọ̀rọ̀ rárá. Ìdákẹ́ yẹn la máa ń sá fún jù.

Ó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Apá ní 1957, ó sì parí ìwé mẹ́wàá ní Àgbádárìgì ní 1968. Ní 1970 ló wọ iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé fáìlì aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka ohun tí dókítà kọ, kí ó wo ìwé ńlá nọ́ńbà àìsàn tí gbogbo ayé ń lò, kí ó sì fi nọ́ńbà tó bá àìsàn náà mu sí i. Òfin kan ló fi ń ṣe é: ohun tí dókítà kò bá kọ, akọ̀wé kò gbọdọ̀ fi kún un. Nílé pàápàá, ẹni tó bá ní ibà ń ṣe òun, Màmá á ní, “Ibà? Ta ló yẹ̀ ọ́ wò?”

Ní 1975, ó fẹ́ Alàgbà Gbọ́láhàn Ìgè, olùkọ́ ọmọ Èkìtì tí ìjọba gbé wá sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìwórò. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn.

Ní 1983 ni kókó so sí ọrùn Bàbá. Jẹjẹrẹ ni. Ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Èkó, Dókítà Abdulhameed ń gún un ní abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ, kókó náà sì lọ. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ náà ti ń lé jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ló ń ba iṣan tí ara fi ń mọ nǹkan jẹ́. Ṣọ́ọ̀kì ń bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Sálúbàtà á yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, á máa lọ. Ó tẹ ẹyin iná lọ́jọ́ kan, òórùn ló sọ fún un. Dókítà sọ fún un lẹ́nu pé oògùn ló fà á, ṣùgbọ́n nínú fáìlì, ohun tó kọ kò ju pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò mọ nǹkan lára mọ́.

Ní 1984, ìjọba ológun ń lé òṣìṣẹ́ dànù, ìlú le, ọṣẹ gan-an, à ń tò ká tó rí i rà. Ní Ìwórò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ̀tẹ̀ ló mú tíṣà. Àwọn òbí ń fa ọmọ wọn kúrò ní kíláàsì rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ọtí sódábì ló jẹ ẹ́ níṣan, nítorí Bàbá kì í kọ ife kékeré kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀ àwọn dókítà. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ ń ràn, tàbí tí ọtí ba ara rẹ̀ jẹ́, yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, yóò sì kó kúrò nínú ilé tíṣà.

Wọ́n ti gbé ìtọ́jú Bàbá wá sí ilé ìwòsàn tí Màmá ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà orí tábìlì rẹ̀ ni fáìlì bọ́ sí. Nọ́ńbà àìsàn iṣan tí kò sọ ohun tó fà á nìkan ni ohun tí dókítà kọ gbà, ìgbìmọ̀ sì lè ka ìyẹn sí ẹ̀tẹ̀ tàbí ọtí. Ẹ̀gbọ́n Bàbá, Bàbá Bólúwají, wá láti Èkìtì, ó dúró láàrin pálọ̀.

“Ìyàwó, ọkọ rẹ ni o! Fi nọ́ńbà oògùn kan péré kún un. Ta ni yóò mọ̀?”

“Ẹ má bínú, Bùọ̀dá. Òótọ́ ni oògùn ló fà á. Ṣùgbọ́n bí èmi ìyàwó rẹ̀ bá kọ ohun tí dókítà kò kọ, irọ́ ni wọ́n á pè é.”

Màmá gbé fáìlì náà fún Fàúsátù, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ọwọ́ òun má baà sí níbẹ̀. Bàbá kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó dun Màmá dọ́kàn.

Ìròyìn dé pé Dókítà Abdulhameed ń lọ sí Sáúdí. Màmá fa Bàbá jáde ní kùtùkùtù òwúrọ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ Èkó láti lọ bá a. Wọ́n ti ti bodè nígbà náà, sójà sì kún ojú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn ní kí Bàbá tú báàgì rẹ̀. Bàbá fa ìdè báàgì náà títí, kò ṣí. Sójà náà gbé ìbọn sókè, ó ní, “Open am! You dey play with me?” Màmá bọ́ sáàrin wọn, ó ní àìsàn ni, ọwọ́ náà ò mọ nǹkan lára. Sójà wo ọwọ́ Bàbá, ó fà sẹ́yìn, ó nu ọwọ́ tirẹ̀ sára ṣòkòtò, ó sì ju ọwọ́ sí dírẹ́bà pé kó máa lọ. Ẹ̀tẹ̀ lòun náà rò pé ó jẹ́: àhesọ tó fẹ́ lé Bàbá kúrò níṣẹ́ ló gbà á lọ́wọ́ ìbọn lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n bá dókítà láàrin ẹrù tó ti dì. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Sójà ń tú ilé ìwòsàn wò. Bí òun bá kọ ọ́ pé oògùn tí òun fún ènìyàn ló bà á jẹ́, kí ni wọn yóò sọ? Màmá kò bá a jiyàn. Ó ní kó ṣáà yẹ Bàbá wò, kó sì kọ ohun tó bá rí. Dókítà ní kí Bàbá dijú, ó di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ sókè sódò. Bàbá ní, “Mo ti dijú o, dókítà, ẹ bẹ̀rẹ̀.”

Dókítà fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé, ó kọ ọ́ pé abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ, tí a fún un bó ṣe yẹ, ló ba iṣan jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, kì í ṣe ọtí. Fàúsátù fi nọ́ńbà sí i: ọ̀kan fún iṣan tó bàjẹ́, ọ̀kan fún oògùn tó bà á jẹ́. Ìgbìmọ̀ gbà á. Bàbá padà sí kíláàsì, àwọn ọmọ ló ń bá a kọ̀wé sójú pátákó títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ fún un lésì, ó jókòó, ó ní, “Ìyá Láńre, oúnjẹ mi dà?”

Màmá fẹ̀yìn tì ní 2005. Ó jẹ́ ìyá ìjọ ní Apá, kò sì pa ọdún Iléyá ní agboolé Sàláwù jẹ rí. Àwọn ọ̀dọ́ akọ̀wé tó kọ́ níṣẹ́ wà káàkiri, a sì gbọ́ pé ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà wọ́n. Ó sùn nínú Olúwa ní oṣù kẹta ọdún 2021, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́.

Ó fi àwọn ọmọ sáyé lọ: Láńre, Motúnráyọ̀ àti Yọ̀mí, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, Tolúwalọpẹ́, Ṣìkẹ́mi àti Láyọ̀, àti ọkọ rẹ̀, Alàgbà Gbọ́láhàn Ìgè.

Bàbá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ náà, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí a wọlé, ó ní ká rọra, pé Màmá ń sùn. Ọwọ́ náà ti tutù tipẹ́. Àwa la sọ fún un.

Màmá wa àtàtà, ọmọ Agosu, ẹ sùn re o. Kí ilẹ̀ Apá tù yín lára, kí Olúwa sì bá yín di ọwọ́ Bàbá mú.