Wáìnì Pupa àti Ẹja Aláta

                                        Ojúlé 17, Òpópónà Adébáre,
                                        Ìba, Ọ̀jọ́,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, 2025.

Tọ́pẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ojú Mọ́mì tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń ríran kedere? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Má bínú pé o ò gbúròó mi láti bí oṣù kan. Ọ̀rọ̀ kan ló gbà mí lọ́kàn.

O mọ ilé oúnjẹ tí mo ti ń dáná ní Òkókómáíkò. Ìyáàfin Ṣọlá tó ni ín fẹ́ ká máa ta wáìnì pupa ilẹ̀ Faransé, èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, pẹ̀lú oúnjẹ wa. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó o, mo sì nawọ́. Ọ̀gá Afọlábí, máníjà wa, bú sẹ́rìn-ín: "Adéfúnkẹ́, ìwọ tó o wà nídìí ààrò? Kí lo mọ̀ nípa wáìnì?" Gbogbo ará kíṣìnnì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọra. Mo ní, "Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sà. Ẹ wá dán mi wò."

Mo ra Bordeaux, ọ̀kan lára àwọn wáìnì pupa Faransé náà, tó pọ́ọ́kú ní Àjàngbádì. Tàwàkálítù, tá a jọ ń gbélé, kì í fẹnu kan ọtí, síbẹ̀ òun ló ń bá mi yan ẹja àti ẹran lórí iná. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Olúṣọlá, ló ń bá mi tọ́ wáìnì wò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n jẹ ẹja aláta, wọ́n fi Bordeaux lé e, ni wọ́n bá fò dìde: "Ṣé o fẹ́ jó mi lẹ́nu ni?" Wáìnì náà ń fa ahọ́n bí omi kajú, ó sì tún ń ru ata sókè. Ó kù díẹ̀ kí n jáwọ́, àmọ́ mo tún ra irú mìíràn tó ń jẹ́ Beaujolais.

Díẹ̀díẹ̀ ló yé mi. Ẹran ọlọ́ràá tí wọ́n yan lórí ẹ̀yinná ni Bordeaux ń fẹ́. Ọ̀rá yẹn ló ń mú kí agídí rẹ̀ rọlẹ̀. Beaujolais ni ti ẹja aláta, kì í fa ahọ́n púpọ̀. Bí mo bá gbé e sínú fíríìjì fún ìdajì wákàtí, ṣe ló ń tuni lára.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ìdánwò, Ìyáàfin Ṣọlá fúnra wọn ló jókòó sídìí tábìlì láti tọ́ ọ wò. Mo ti gbé Beaujolais ti ẹja nígbà tí Ọ̀gá Afọlábí gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní Bordeaux ló níyì jù, òun ni kí n gbé fún Màdáàmù. Mi ò gbà. "Rárá, sà. Ata á bá a jà."

Ìyáàfin Ṣọlá ní kí n gbé méjèèjì wá. Wọ́n fi Bordeaux lé ẹja, wọ́n wúkọ́, omi lé ròrò sójú wọn. Wọ́n mu omi, wọ́n wá tọ́ Beaujolais tútù wò. Wọ́n jẹ ẹja náà dé egungun, wọ́n na ife sí mi: "Rọ díẹ̀ sí i." Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí máníjà: "Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ lọ́la." Ọ̀gá Afọlábí náà wá ní mo kú iṣẹ́. Nígbà tí mo délé, Tàwàkálítù gbé mi sókè nínú pálọ̀!

Lánàá, tọkọtaya kan jókòó, wọ́n ní kí n yan èyí tó bá oúnjẹ àwọn mu. Mo wo abọ́ wọn, mo ṣí ìgò. Mo rọ ọ́ sínú ife wọn.

Bá mi kí Mọ́mì àti ọkọ rẹ. Tó o bá wá kí mi, èmi ni n ó se oúnjẹ, èmi náà ni n ó yan wáìnì.

                                        Tìrẹ tòótọ́tòótọ́,
                                        Adéfúnkẹ́