Ilà Tí Màmá Mi Fọ̀ Dànù

Màmá mi,

Mo ní kí Àǹtí ka èyí sí yín létí láti orí fóònù wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ fo ọ̀rọ̀ kan.

Ara mi le. Yàrá mi tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wọ ẹ̀wù mẹ́ta kò ní mọ̀.

Àǹtí ní ẹ ti fi kànrìnkàn fọ ilà tí wọ́n fà sí yín níkùn ní ọsibítù dànù, pé ẹ kò lè gbé ìdọ̀tí lọ síwájú dókítà! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìtìjú kò jẹ́ kí ẹ padà lọ mọ́. Ìyẹn kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Níbi iṣẹ́ wa tí a ti ń to ẹ̀rọ lésà, awò gíláàsì kan wà tí kò tó hóró ìrẹsì. Òun ló ń kó ìmọ́lẹ̀ lésà, iná líle tó lè gé irin, jọ sójú kan. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, ohun tí a kò fẹ́ ni yóò jó. Ìtànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú yín ní ọsibítù kì í ṣe lésà, ṣùgbọ́n òun náà ń fẹ́ kí a júwe ọ̀nà fún un. Ilà yẹn ló ń tọ́ ọ débi tí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ wà.

Mo sọ fún ọ̀gá mi. Ó ní, "Ìwọ tí o nu àmì tí a fà sí ẹ̀gbẹ́ awò kúrò lọ́jọ́ tí o dé, a ti wá mọ ẹni tó bí ọ! Ṣé mo lé ọ? Ṣebí a tún un fà ni."

Àǹtí ní dókítà sọ pé kókó jẹjẹrẹ náà ti ń kéré. Ayọ̀ ńlá nìyẹn! Màmá, ẹ padà lọ lọ́la kí wọ́n tún ilà náà fà.

Ẹ bá mi kí obìnrin tó ń fa ilà. Ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀.

Èmi ni,
Olóríkunkun ọmọ yín.