Kọ̀ǹpútà Mi Ń Kú Lábẹ́ Kúbùsù

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ, ìyàwó tuntun ni mí, ojú sì máa ń tì mí.

Ọkọ mi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun fún mi kí n fi kọ́ títẹ̀, torí mi ò kàwé lọ títí. Bí èmi pẹ̀lú wọn bá jọ jókòó, kì í yọnu. Bí ó bá ku èmi nìkan, á kàn kú lójijì, bí mo bá sì tún tàn án, kò ní dáhùn. A gbé e lọ fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Ó ní, "Ooru ló ń mú un. Ìyàwó, ṣé ẹ ń dáná lórí ẹ̀ ni?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Èmi sorí kodò. Abẹ́ kúbùsù ni mo ti ń lò ó, kí àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tá a jọ ń gbélé má baà rí mi níbi tí mo ti ń fi ìka kan ṣa lẹ́tà bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo.

Ọkọ mi ní bó bá tún kú, àwọn á dá a padà fún ẹni tó tà á. Ni mo bá gbé e sórí tábìlì pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin kọjá, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé abẹ́rẹ́ lò ń wá níbẹ̀ ni?"

Kọ̀ǹpútà ò kú mọ́ o. Èmi ni ara mi ń gbóná báyìí. Ẹ bá mi bi àwọn olùgbọ́: báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ nǹkan lójú àwọn àna rẹ̀?