Ẹyẹ Kì Í San Owó Orí

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Akínbọ́lá,
                                        Ìgàndò,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kejì, 1993.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bọ̀ọ̀dá Ilésanmí,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti Ìgàndò. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ìyàwó yín ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ọyẹ́ o. Mo mọ̀ pé ti Iléṣà á le ju tiwa lọ, nítorí níbí pàápàá ètè gbogbo wa ti là. A dúpẹ́ ṣá, àwa náà wà.

Lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Mo kà á, mo tún un kà. Mi ò bá Àyìnkẹ́ ìyàwó mi wí pé ó fi ẹjọ́ mi sùn yín. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ ní kí n lọ bẹ kánsílọ̀ wa kí Jímọ̀ tó pé, kí n fi ọ̀rọ̀ pápá sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin lẹ rán mi ní ilé-ìwé girama lẹ́yìn tí Bàbá kú, mi ò sì bá yín jiyàn rí. Ṣùgbọ́n lórí èyí, mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn rẹ̀ bó ṣe rí, torí mi ò rò pé Àyìnkẹ́ sọ ọ́ tán.

Ẹ rántí pápá ẹ̀yìn ilé wa, níbi tí ẹ jókòó sí tí ẹ ń wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ wá bá wa kó àbígbẹ̀yìn wa jáde. Àbàtà wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àwọn igi ńláńlá tí lékeléke máa ń sùn sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, igi á funfun báláú, àwọn ọmọ á máa na ìka sókè, wọ́n á máa tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ wọn. Àwa àgbà náà á gbé àga lọ gba atẹ́gùn, torí yàrá wa gbóná, kò sì sí ibòmíràn láti Ìkòtún dé ìhín tí èèyàn lè jókòó sí láìra nǹkan.

Lọ́dún tó kọjá, kánsílọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá kéde ní ìpàdé àdúgbò pé ìjọba ti ya owó sọ́tọ̀ láti sọ pápá náà di ọgbà ìgbafẹ́. Wọ́n á gbin koríko, wọ́n á ṣe bẹ́ǹṣì, wọ́n á sì yan ẹni tí á máa ṣọ́ àbàtà kí ẹnikẹ́ni má baà yìnbọn sí àwọn ẹyẹ. A pàtẹ́wọ́ títí. Lẹ́yìn ọdún tuntun ó padà wá, ó ní ṣọ́ọ̀bù ni wọn yóò fi owó náà kọ́ síbẹ̀. Ó ní, “Ẹyẹ kì í san owó orí.” Àwọn onílé bú sẹ́rìn-ín. Ràímì tó ń lẹ táyà ní ìkóríta dìde, ó ní, “Àwa là ń san án, Ọnọ́rébù. Ẹ yọ ti ẹyẹ lára tèmi.”

Ìgbà yẹn ni èmi náà dìde. Mo ní owó tí wọ́n bá fi orúkọ ọmọ àti ẹyẹ gbà, ọmọ àti ẹyẹ ló ni ín. Alága ẹgbẹ́ onílé ní kí n jókòó jàre, pé ayálégbé kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Mo sì jókòó. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé mo jókòó.

Ó wá di Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó. Ẹ mọ òfin rẹ̀: ọkọ̀ ò gbọdọ̀ rìn, èèyàn ò gbọdọ̀ jáde láàárọ̀ àfi tó bá ń tún àyíká ṣe, wolé-wolé á sì máa lọ káàkiri. Mo ń kó ẹrẹ̀ gọ́tà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí katakata ń bú ramúramù lọ́nà pápá. Wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó máa lè jáde wá dí àwọn lọ́wọ́ lákòókò yẹn. Wọ́n gbàgbé pé òfin tó há wa mọ́lé ló há katakata náà mọ́.

Mo gbé ìgbálẹ̀, mo forí lé pápá. Àyìnkẹ́ ń pè mí, mi ò wẹ̀yìn. Kí n tó débẹ̀ wọ́n ti wó igi kan, àwọn lékeléke ń fò káàkiri bí ẹni fọ́n òwú sínú atẹ́gùn. Mo dúró níwájú katakata, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ewé jọ. Ẹ lè fi mí ṣẹ̀sín, ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ràímì dé tàdátàdá, ó ń ṣán koríko. Ìdíátù aránṣọ náà dé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tirẹ̀. Kò pẹ́ tí wolé-wolé yọ. Awakọ̀ katakata ní kí ó kó wa. Wolé-wolé wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ wa, ó wá kọjú sí awakọ̀.

“Àwọn wọ̀nyí ń gbálẹ̀. Ìwọ ńkọ́, kí lò ń wà?”

“Kánsù ló rán mi.”

“Kánsù náà ló rán èmi. Bọ́ọ́lẹ̀, mú kọ́kọ́rọ́ wá.”

Ìdíátù na ìgbálẹ̀ sí i, ó ní, “Gbà, bọ̀ọ̀dá, tètè máa gbálẹ̀ kí wọ́n tó mú ẹ.” Ẹ ò gbọ́? Ó gbà á, ó ń gbálẹ̀.

Láti ìgbà náà ni kánsílọ̀ ti ń fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ mi. Ó ní kí n wá sọ níwájú gbogbo ènìyàn ní ìpàdé Jímọ̀ yìí pé mo ṣìnà, pé kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù wọn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọ́n á tì mí mọ́lé pé mo dí iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́. Èmi tí mo ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ìjọba.

Mo máa ń bi ara mi léèrè bóyá torí ẹyẹ ni, àbí torí ìtìjú ọjọ́ tí wọ́n ní kí n jókòó. Mi ò mọ̀. Ẹ mọ̀ mí, n kì í parí nǹkan. Mo kọ́ fọ́tò, mo fi sílẹ̀, mo kọ́ rédíò títúnṣe, mo tún fi sílẹ̀. Ó lè jẹ́ agídí lásán. Ṣùgbọ́n kódà kó jẹ́ agídí ló gbé mi débẹ̀, owó yẹn ṣì jẹ́ ti pápá. Ẹ kọ ọ́ sí mi pé ẹni a ò lè mú, Ọlọ́run là á fi lé lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kánsílọ̀ yìí ṣeé mú, Bọ̀ọ̀dá mi. Wolé-wolé lásán mú awakọ̀ rẹ̀.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín dáadáa, ẹ kí Olúrẹ̀mí ọmọ yín kú ìmúra ìdánwò, ẹ sì sọ fún gbogbo ará ilé pé mo ń kí wọn.

Kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ yín, Jímọ̀ á ti kọjá. Bí ẹ bá gbọ́ pé mo wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yà sí pápá kí ẹ tó wá bá mi. Bí àwọn igi bá ṣì wà ní ìdúró, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mo lè sùn síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti wó wọn, ẹ tètè wá gbà mí sílẹ̀, kí n lè lọ gbin òmíràn.

                                        Èmi ni àbúrò yín
                                        tó ń gbọ́ tiyín nínú ohun gbogbo àfi èyí,
                                        Ọláyíwọlá.