Baba Ergesh Tó Ń So Ọwọ́ Olùtà Mọ́ Ti Olùrà ní Kok-Kechu

Ní ọdún 1941, ní ìlú Kok-Kechu, ni wọ́n bí Olóògbé Baba Ergesh sí ìdílé Kalmat darandaran àti Uulkan aya rẹ̀. Ìdílé yìí wà lára àwọn tó dá ọjà ẹran ìlú náà sílẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé odò tó la ìlú kọjá lè di ààlà láàárín ilẹ̀ Kírígíìsì àti ilẹ̀ Úsíbẹ́ẹ̀kì. Ìlú kan ṣoṣo ni Kok-Kechu nígbà náà. Ẹni tó jí ní òdì kejì lè wá jẹun àárọ̀ níhìn-ín, kó sì padà lọ sùn.

Olóògbé kàwé dé ìwé mẹ́jọ ní ilé ìwé oko ìjọba. Baba fẹ́ràn láti máa sọ pé ìwé kò bínú sí àwọn, àwọn náà kò sì bínú sí ìwé. Ní ọdún 1965 wọ́n gbé Ìyá Zuurakan níyàwó, ọmọ ọ̀gbẹ́ni kan tó ń fi irun àgùntàn ṣe àtẹ́rìn. Ìyá kò fẹsẹ̀ tẹ ọjà ẹran rí, nítorí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ kì í ṣọ́ ẹnu.

Iṣẹ́ alágbàtà ni Baba ṣe jẹun. Wọ́n á di ọwọ́ olùtà mú, wọ́n á di ti olùrà mú, wọ́n á pa méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì máa jù ú sókè sódò títí tí iye tí olùtà àti olùrà ń pè yóò fi bára mu. “Ẹ gbà, ẹ gbà, Ọlọ́run á bù sí i.” Ẹni tó bá ti gbà, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kí a má parọ́ mọ́ òkú, àwọn mìíràn gbà kí apá wọn má baà yẹ̀. Àmọ́ Kírígíìsì fọkàn tán wọn, Úsíbẹ́ẹ̀kì fọkàn tán wọn, nítorí Baba kò fi òfin kan ṣeré: alágbàtà kì í so ọwọ́ fún ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀.

Ní ọdún 1999 ni ìjọba ta wáyà létí odò, wọ́n sì ti afárá pa. Ọjà ẹran tú. Kubat, àkọ́bí Baba, wọṣẹ́ ṣọ́jà ẹnubodè. Sabyr àbúrò rẹ̀ ń da àgùntàn gba ibi tí odò kò ti jìn lọ tà ní òdì kejì. Oúnjẹ ọmọ ni àwọn méjèèjì ń wá. Ní ọdún 2010, Kubat mú Sabyr nínú omi pẹ̀lú àgùntàn rẹ̀. Sabyr lo gbogbo ìgbà òtútù ọdún náà lẹ́wọ̀n. Kubat ní iṣẹ́ òun lòun ṣe. Sabyr ní òun kò ní ẹ̀gbọ́n mọ́, àti pé òun kò ní bá a dúró, ìbáà jẹ́ níbi òkú baba àwọn.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Baba dé egungun. Bí baba bá kú láàárín wa, àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fara ti ọ̀pá, wọ́n á máa sunkún gba àlejò. Ìtìjú ńlá ni kí ọmọ kan dá dúró níbẹ̀ nígbà tí èkejì wà láàyè. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Baba wà lọ́jà, orí ọmọ tiwọn ló wọ́. Síbẹ̀ Baba kọ̀ láti so ọwọ́ àwọn ọmọ náà pọ̀.

“Òfin ni, Zuurakan. Bí mo bá ṣe é fún ọmọ mi, ta ni yóò tún fọkàn tán mi lọ́jà?”

“Ọjà wo, Baba Kubat? Ibi tí koríko ti hù yẹn?”

Mùsùlùmí òdodo ni Olóògbé. Àwọn ló san owó òrùlé mọ́ṣáláṣí àdúgbò, àwọn ló sì ń parí ìjà omi oko láàárín àwọn àgbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí afárá padà ní ọdún 2017, tí ọjà ẹran sì tún kún, Baba kò lágbára iṣẹ́ mọ́. Wọ́n á kàn jókòó lọ́jà pẹ̀lú ife tíì, wọ́n á máa bú àwọn alágbàtà tuntun.

Ní ọdún 2019 àìsàn dá wọn wó. Kubat ń wá wò wọ́n láàárọ̀, Sabyr ń wá nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ìyá ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì sọ fún oníkálukú pé èkejì ti rìnrìn àjò. Bí Sabyr ṣe rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí ibùsùn, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n gbá ti Kubat mú, wọ́n pa wọ́n pọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jù wọ́n.

“Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?” Kubat ló béèrè.

“Alágbàtà ni mò ń ṣe. Sabyr, kí lo máa gbà?”

“Mi ò ta nǹkan kan.”

“Ọgbà ẹ̀wọ̀n tó o sùn lò ń tà. Kubat, sọ tìẹ.”

Kubat kọjú sí àbúrò rẹ̀. “Ó yẹ kí n gbójú kúrò lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣẹ̀ ẹ́, àbúrò mi.”

“Ó kéré,” ni Sabyr wí.

“Fi kún un,” ni Ìyá wí, wọn kò dá ọwọ́ dúró.

Kubat kò ní ohun tó lè fi kún un ju ẹkún lọ. Ó sun ún, àgbàlagbà ọkùnrin.

“Ó ti tó,” ni Sabyr wí, ojú tirẹ̀ náà ti kún. “Mo gbà. Ẹ má yọ mí lápá, Màmá.”

Baba fọhùn láti orí ibùsùn. “Òfin wa ńkọ́?”

“Òfin alágbàtà nìyẹn. Èmi, ìyá wọn ni mí.”

Baba rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n jáde láyé.

Olóògbé fi Ìyá Zuurakan sílẹ̀ sáyé lọ, pẹ̀lú Kubat, Sabyr, àti Burul tó wà nílé ọkọ ní òdì kejì odò, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ àti àtọmọdọ́mọ. Ẹ̀yin tí ẹ gba orí afárá wá bá wa kẹ́dùn lọ́jọ́ ìsìnkú, tí ẹ tún padà wá síbi àdúrà ogójì ọjọ́ yìí, ojú yín rí i: ọmọ méjì ló gbà yín lẹ́nu ọ̀nà, èjìká kan èjìká.

Baba Ergesh, kí Ọlọ́run tẹ́ ilẹ̀ rírọ̀ fún yín. Ẹnu ọ̀nà yín kò ṣófo. Ẹ sùn re o.