Ìgbà Méjì ni Mo Gun Òkè Kan

Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán,
Ọ̀yọ́.

Grace, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí màmá rẹ, mo sì kí David. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ màmá ti lọ? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró. Ní tiwa, ayọ̀ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti di ìyàwó, ẹ̀rín kò tíì kúrò lẹ́nu mi.

Ṣé o rántí ohun tí o sọ nígbà tí ò ń bá mi dirun ìgbéyàwó? O ní, "Àjíkẹ́, ọ̀rọ̀ òkè ti parí fún ẹ nìyẹn. Ẹrù ẹbí ọkọ ni ìyàwó ń rù, kì í gun òkè." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí, torí mo mọ̀ pé ìdí nìyẹn tí o kò fi tíì dá David lóhùn pé wàá fẹ́ ẹ. Mo pinnu lọ́jọ́ náà pé màá gun òkè kan kí ara ìyàwó tó kúrò lára mi, kí n lè sọ bó ṣe rí fún ọ.

Ìlú ni Mátíù ọkọ mi fẹ́ràn ní tiẹ̀: orin, súyà, àwọn aláwàdà. La bá ṣe àdéhùn fún ìsinmi wa. Láàárọ̀, òkè tó wà lẹ́yìn oko àwọn ará ìyá rẹ̀ ní Ìresà; nírọ̀lẹ́, eré ní Under G l'Ógbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe fàájì. Ó ní bí mi ò bá dé orí òkè, ìlú nìkan la ó máa lọ láti ìsinsìnyí lọ. Mo ní mo gbà.

Kí a tó kúrò nílé, ìyá ọkọ mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ìyàwó, gbogbo ará Ìresà lọkọ rẹ. Ẹni tó bá ru ẹrù pàdé rẹ, gbà á lórí ẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n ní ọ̀lẹ lọmọ mi fẹ́."

A ti gun òkè náà kọjá ìdajì, mo wà níwájú, Mátíù ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn, ni ìyá kan yọ látòkè pẹ̀lú ìdì igi ìdáná ńlá lórí. Mo wo orí òkè, mo wo igi. Grace, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo gba ẹrù náà, mo sì yí padà. Mátíù na ọwọ́ sí mi bí mo ṣe ń kọjá; èémí kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó kàn tẹ̀ lé wa.

Ìdí òkè ni mo ti wá béèrè pé, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin ni àbúrò tó tẹ̀ lé màmá ọkọ mi?"

Wọ́n ní, "Ọkọ ta ni? Èmi Ràmọ́tà kì í ṣe ará Ìresà o, abúlé kejì ni mò ń gbé. Mo rò pé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé náà nìyẹn, mo ti ń ṣàdúrà fún ìyá ẹ látòkè."

Mátíù jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àjíkẹ́, o ti ru ẹrù ọkọ tí o ò fẹ́. Ó tó, jẹ́ ká máa lọ s'Ógbómọ̀ṣọ́."

Mo di okùn bàtà mi le. Mo ní, "Orí òkè la jọ sọ. Mi ò tíì débẹ̀."

Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ìyá Ràmọ́tà gbé igi wọn sábẹ́ igi ìgbá, wọ́n ní ẹni tó ru ẹrù àwọn kò ní dá gun òkè. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n fi ń dá Mátíù lágara: "Ọkọ ìyàwó, ṣé ká ru ìwọ náà ni?"

Mo dé orí òkè, Grace. Afẹ́fẹ́ gba gèlè lórí mi, mi ò tiẹ̀ wá a. Mo rí páànù ilé tó ń dán lókèèrè, oko lọ salalu. Nígbà tí Mátíù dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí àpáta níwájú mi. Bóyá ọ̀wọ̀ ni o, bóyá àárẹ̀ ni, mi ò bi í.

Nírọ̀lẹ́, ní Under G, gbogbo èrò ń rẹ́rìn-ín, ọkọ mi tó fẹ́ràn ìlú sì sùn lọ lórí àga, súyà lọ́wọ́. Èmi ni mo jó, èmi náà ni mo jẹ súyà rẹ̀. Nígbà tó jí, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Òkè wo ló kàn?"

Mi ò ní tàn ọ́: ẹrù wà. Mo rù ú, ó sì wúwo. Ṣùgbọ́n mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, òkè ṣì wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi náà sì wà. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ló ń dá ọ dúró, dá David lóhùn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹrù rẹ ju orí rẹ lọ. Kí ẹni tí yóò bá ọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ má jìnnà sí ọ. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti orí bẹ́ǹṣì kan náà,
Àjíkẹ́, ìyàwó Mátíù.

Àfikún: Bàtà kánfáàsì rẹ tí mo yá wà nínú ọ̀rá tí mo fi rán awakọ̀ sí ọ. Mi ò fọ̀ ọ́. Erùpẹ̀ òkè ló wà nídìí rẹ̀ yẹn. Ìwọ náà máa wọ̀ ọ́ lọ lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ.