Jẹnẹrétọ̀ Orogún

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá

Adájọ́ ti dájọ́. Adájọ́ ni ìyàwó mi. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o, mi ò tíì láyà tó láti pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀. Òun náà ní orúkọ tó fún ọkọ̀ akẹ́rù mi: Orogún. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀, mo kọ̀, mi ò ta ọkọ̀ náà, mo sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di yàrá — bẹ́ẹ̀dì, síńkì, firísà, fèrèsé. Ó ní mo ti gbé ìyàwó mìíràn wọlé nìyẹn.

Mo fẹ́ ká wà á lọ títí dé ibi tí igi ti tán, tó ku iyanrìn nìkan. Àìmọye ìgbà ni mo kó ẹrù gba ibẹ̀ kọjá, mi ò dúró wò ó rí. Adájọ́ ní òun ò lè lọ síbi tí kò ti sí fáànù. Mo ní jẹnẹrétọ̀ á wà. Ó ní ariwo jẹnẹrétọ̀ kọ́ ni wọ́n á fi ba oorun òun jẹ́. Ni ìdájọ́ bá jáde: ẹ̀rọ tóun bá lè sun oorun ọ̀sán tì, òun á bá a lọ. Bí kò bá sí, kí èmi àti Orogún mi máa lọ ire.

Mi ò sọ fún un pé bí kò bá lọ, èmi náà ò lọ. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Mo lọ bá ẹni tó ń ta ẹ̀rọ. Ahọ́n ọkùnrin yìí! Ó gbà kí n máa gbé wọn wálé dán wò. Mo ní dísẹ́lì ni mo fẹ́, kí ohun tí ọkọ̀ ń mu jẹ́ ohun tí ẹ̀rọ ń mu, ká má máa gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò sínú yàrá tá à ń sùn. Ó ní ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni mí. Kò sẹ́ni tó ń sọ irú ẹ̀ fún mi nílé. Orí mi wú, mo bá gbé èyí tó tóbi jù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ààrá ni mo sọ ẹ̀rọ náà. Adájọ́ wọ inú Orogún lọ tòun ti ìrọ̀rí rẹ̀, mo tan Ààrá. Àwọn ife bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Síbí ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tísà tá a jọ pín ọgbà yọ orí lókè ògiri, ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò, a ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, Adájọ́ jáde, ìrọ̀rí lábíyá, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láìsọ̀rọ̀. Ìyẹn gan-an burú ju ariwo lọ.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo dá Ààrá padà. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Ẹ̀rọ kejì. Ó fúyẹ́, ọwọ́ kan ni mo fi gbé e. Olóhùn-dídùn tó ń ta ẹ̀rọ ní bí ọmọ tuntun ló rí. Kò purọ́ — ó ń ké, kò sì lè ṣe iṣẹ́ kankan. Ó gbé fáànù. Mo so firísà mọ́ ọn, ó wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó dákẹ́. Èéfín yẹn gba ojú fèrèsé wọlé lọ bá Adájọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó jáde, imú rẹ̀ dúdú kirikiri. Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Fúnra mi ni mo se oúnjẹ tí mo jẹ lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo ti gbọ́n. Firísà máa ń fa iná gan-an nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta jí, nítorí náà kì í ṣe kékeré jù, kì í ṣe ńlá jù. Mo gbé agbedeméjì. Jórinjórin, àbúrò ìyàwó mi, ló ń ṣe àpótí irin tí ẹ̀rọ á máa gbé inú rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó fi fóòmù tẹ́ gbogbo inú rẹ̀, páìpù èéfín nìkan ló yọ síta. Ó ń fọ́nnu pé ariwo ò ní jáde níbẹ̀, pé atẹ́gùn pàápàá ò ní ráyè wọlé. Mo yìn ín gidigidi. Ẹlẹ́wọ̀n la sọ ẹ̀rọ náà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Adájọ́ ní lónìí, àfi kí n dùbúlẹ̀ ti òun gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, kí n má baà sọ pé òun ń purọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Jórinjórin tan Ẹlẹ́wọ̀n. Ó rọra ń kùn lábẹ́ wa. Mo fẹ́ sọ pé ó mà dára o — oorun ti gbé mi lọ.

Nígbà tí mo jí, Adájọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nara ni, àmì ìrọ̀rí wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Èyí ni kẹ́ ẹ rà. Ohùn rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, kò kánjú. Òun ló gbé mi sùn."

Mo jó nínú ọgbà. Tísà rí mi. Ẹ jẹ́ kó rí mi.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Mo san owó ẹ̀rọ. Mo délé, mo bá Jórinjórin lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ẹsẹ̀ kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní Ẹlẹ́wọ̀n ti kú lánàá, kò tíì pẹ́ tá a dùbúlẹ̀. Àpótí ti dí jù, ẹ̀rọ ò rí èémí mí. Ẹ̀rù ló bà á tí kò fi jí wa.

Mo bi í pé ohùn wo wá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbọ́.

"Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ni. Ẹ ń hanrun."

Mo ní mi ò hanrun rí láyé mi. Ó ní Tísà pàápàá wá bẹ òun pé kóun jọ̀ọ́ pa jẹnẹrétọ̀ yẹn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Bí mo bá dákẹ́, ó máa tẹ̀ lé mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìdájọ́ ti fọ́ nìyẹn, kò sun oorun ti ẹ̀rọ kankan. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Èmi ò sì fẹ́ kó bá mi láàárín iyanrìn, èmi àti Adájọ́ nìkan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Mo sọ fún un. Ó ń ká aṣọ. Mo ka gbogbo ẹ̀sùn síra mi lọ́rùn, àpótí, èémí, híhanrun, Tísà. Kò gbójú sókè. Ó ká ṣòkòtò mi, ó tún un ká. Ó ní gbogbo ọdún tí mo fi wà lójú ọ̀nà, òun ò sùn dáadáa nínú ilé yìí rí.

Mo ní ìdájọ́ ńkọ́.

"Mo ní ohun tí mo bá sùn tì ni n ó bá lọ. Mo ti sùn tì í. Ẹ lọ lu ihò sí àpótí yẹn, ká máa lọ."